Ẹ̀kọ́ Bíbélì Láàárín Àwọn Obìnrin: Ohun Tó Jẹ́ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Ṣe É

Bí ìyàwó ilé bá gbé Bíbélì há abíyá ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, tó ní òun ń lọ sí ẹ̀kọ́ Bíbélì àwọn obìnrin, ọkọ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín kó ní, "Bá mi kí àwọn olófòófó o." Ẹlòmíì gbà pé ìwàásù kékeré ni wọ́n ń lọ gbọ́ lẹ́nu ìyàwó pásítọ̀. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé àdúrà ni wọ́n ń lọ gbà, pé Bíbélì tó wà lọ́wọ́ wọn ò ju ọ̀ṣọ́ lọ. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ kan pàtó ni wọ́n ń lọ ṣe, ó ní ètò tirẹ̀, àǹfààní kan sì wà lára rẹ̀ tí ìwàásù ọjọ́ Ìsinmi kò lè fúnni.

Ohun tí mò ń pè ní ẹ̀kọ́ Bíbélì níbí ni ìpàdé obìnrin bíi mẹ́fà sí méjìlá, tí wọ́n jókòó yíra wọn ká, tí wọ́n ka ìtàn kan ṣoṣo sókè, tí wọ́n wá ń bi ara wọn léèrè nípa rẹ̀ títí tí yóò fi yé wọn ju bó ṣe yé wọn tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan ń darí, ṣùgbọ́n kò wàásù. Wọ́n ń gbàdúrà níbẹ̀rẹ̀ àti níparí, àmọ́ ìtàn ló kó wọn jọ. Ìjọ kan lè ṣe é lábẹ́ ẹgbẹ́ obìnrin, òmíràn lè ṣe é nínú ilé ọ̀kan nínú wọn. Bí obìnrin mẹ́rin bá yí atẹ ẹ̀wà ká tí wọ́n ń ṣà á, òkúta tí ojú ẹnì kan fò, ẹnì kejì á rí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe sí ìtàn Bíbélì. Ẹni tó bá dá kà á yóò rí ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, yóò sì fo ìyókù láìmọ̀ pé òun fò ó.

Kí àlàyé mi má bàa jẹ́ àlàyé òfìfo, ìtàn kan ni n ó máa mú lò títí dé ìparí: ìtàn àwọn ọmọbìnrin Selofehadi márààrún, tó wà nínú ìwé Númérì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò gbọ́ orúkọ wọn lórí àga ìwàásù rí.

Ibi tó ti ṣẹ̀ wá

Kì í ṣe àṣà àná. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 16 sọ pé nígbà tí Pọ́ọ̀lù dé Fílípì, àwọn obìnrin tó péjọ sétí odò lọ́jọ́ ìsinmi ló bá sọ̀rọ̀, Lídíà tó ń ta aṣọ elésè àlùkò sì wà lára wọn. Ṣùgbọ́n irú ẹgbẹ́ kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lónìí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la ti lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1712, Susanna Wesley, ìyàwó àlùfáà ìlú Epworth, ń ka àdúrà àti ìwàásù sétí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ilé nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà ní London. Àwọn aládùúgbò gbọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n sì ń pọ̀ sí i títí wọ́n fi tó nǹkan bí igba. Àlùfáà tó ń ṣe adelé fún ọkọ rẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá, ló bá kọ̀wé fẹjọ́ sùn. Èsì tí Susanna kọ sí ọkọ rẹ̀ ni pé bó bá fẹ́ kí òun dáwọ́ dúró, kó pàṣẹ ni, kó má wulẹ̀ dá a lábàá.

John Wesley, ọmọ obìnrin yìí, ló wá sọ ẹgbẹ́ kékeré di ètò ìjọ. Ohun tó bí i yóò pa ẹlòmíì lẹ́rìn-ín: gbèsè ni. Ní ọdún 1742, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ìlú Bristol jẹ owó lórí ilé ìpàdé wọn. Ẹnì kan dá a lábàá pé kí olúkúlùkù máa dá kọ́bọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́ọ̀sẹ̀, kí wọ́n pín ara wọn ní méjìlá méjìlá, kí ẹnì kan máa gba owó ìpín kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí àwọn agbowó ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé ayé wọn, Wesley sì rí i pé ètò náà wúlò ju owó lọ. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ kékeré tí wọ́n ń pè ní kíláàsì ti bẹ̀rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1842, Thomas Birch Freeman tó jẹ́ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, bí ìjọ Wesley ṣe dé ilẹ̀ wa nìyẹn.

Bíbélì gan-an kò tètè wà ní èdè wa. Ọdún 1850 ni ìtumọ̀ Ìwé Róòmù tí Samuel Àjàyí Crowther ṣe jáde, ó sì di 1884 kí odindi Bíbélì tó wà ní Yorùbá. Ṣùgbọ́n kí òyìnbó tó dé ni àwọn ìyá wa ti ń ṣe ẹgbẹ́ ọjà àti ẹgbẹ́ ìrò, tí wọ́n ti ń jókòó yí ìyá ẹgbẹ́ ká láti yanjú ọ̀ràn. Lójú tèmi, ìwé tó wà láàárín wọn nìkan ni àjèjì. Nígbà tó sì di tiwa tán, kò kéré mọ́: ìjọ Deeper Life tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, láti inú ẹ̀kọ́ Bíbélì tí W. F. Kumuyi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Yunifásítì Èkó lọ́dún 1973 ló ti jáde.

Iṣẹ́ ẹni tó ń darí

Iṣẹ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀ kí àwọn yòókù tó dé. Ó ní láti yan ìtàn tó ní orí tó sì ní ìdí, kì í ṣe ẹsẹ kan tí wọ́n já kúrò nínú ìtàn. Lẹ́yìn náà, kó ka ohun tó ṣáájú rẹ̀ àti ohun tó tẹ̀lé e. Ìtàn àwọn ọmọ Selofehadi dà bí ẹni pé ó parí nínú ẹsẹ mọ́kànlá tó bẹ̀rẹ̀ orí 27. Kò parí síbẹ̀. Orí 26 ló ṣí i, orí 36 ló yí i padà, Jóṣúà orí 17 ló sì parí rẹ̀. Adarí tí kò bá mọ èyí yóò kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dé ìdajì ọ̀nà, yóò sì darí wọn sílé.

Ìbéèrè ni yóò kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìdáhùn. Ìbéèrè tí wọ́n lè fi "bẹ́ẹ̀ ni, mà" dáhùn kì í sì í ṣe ìbéèrè. Ọ̀nà mẹ́ta ni yóò tò wọ́n sí: kí ló wà nínú ìwé yìí? Báwo ló ṣe rí lójú àwọn tó ṣẹlẹ̀ sí? Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Bí wọ́n ṣe tò yìí ṣe pàtàkì. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló ń fò láti orí kíkà bọ́ sí ìbéèrè kẹta, tí wọ́n á máa sọ nípa ìyá ọkọ àti owó ilé ìwé ọmọ, tí ìtàn tí wọ́n kà á sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀ bí ẹni tí kò sẹ́ni tó kí i.

Kíkà sókè

Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń kà á, ẹnu ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ìyá àgbà kan kò mọ̀wé kà. Àwọn ìyàwó kékeré kan mọ̀wé, ṣùgbọ́n Bíbélì òyìnbó ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà, àmì orí Yorùbá ń kọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Kò sí aburú níbẹ̀. Ẹni tó ń fetí gbọ́ máa ń mú ohun tí ojú fò. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ìyá kan tí kò ka ìwé rí dá olùkàwé dúró ní orí 36 pé, "Ẹ jọ̀ọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ ṣe tò wọ́n lẹ́ẹ̀kan." Òótọ́ ni. Ní orí 27, Mala, Noa, Hogla, Milka àti Tirsa ni wọ́n tò. Ní orí 36, Mala, Tirsa, Hogla, Milka àti Noa. Àwa tí a la Bíbélì sílẹ̀ níwájú, kò sí ẹni tó ṣàkíyèsí rẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ gbọ́ oríkì mọ̀ bí orúkọ ṣe ń tò tẹ̀lé ara.

Ẹnì kan sì máa ń béèrè bóyá Noa tó kan ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ. Rárá o, obìnrin lèyí. Kí adarí dáhùn wéré, kí ẹ̀rín náà tán, kí wọ́n máa bá ìtàn lọ.

Kí ló wà nínú ìwé?

Ibí ló yẹ kí ó gbà wọ́n ní àkókò jù. Ẹsẹ kìíní ka ìran: Selofehadi ọmọ Heferi, ọmọ Gileadi, ọmọ Makiri, ọmọ Manasse, ọmọ Jósẹ́fù. Ojú ń kán ọ̀pọ̀ olùkàwé kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti bá wọn dé kóòtù lórí ọ̀ràn ilẹ̀ rí mọ̀ pé ìran ni ẹlẹ́jọ́ kọ́kọ́ ń kà. Ẹsẹ tí à ń fò yẹn ni ìpìlẹ̀ ẹjọ́ wọn.

Níbo ni wọ́n dúró sí? Ẹnu ọ̀nà àgọ́ ìpàdé, níwájú Mósè, Eleasari àlùfáà, àwọn ìjòyè àti gbogbo ìjọ. Kò sí pé wọ́n yọ́ lọ bá ìyàwó ẹnì kan kó bá wọn sọ ọ́. Kí ni wọ́n sọ? Pé bàbá àwọn kú sí aginjù, kò sí nínú ẹgbẹ́ Kora, kò sì ní ọmọkùnrin. Pé èéṣe tí orúkọ rẹ̀ yóò fi parẹ́ nítorí èyí? Kí wọ́n fún àwọn ní ìní láàárín àwọn arákùnrin bàbá àwọn. Mósè kò dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ó gbé ọ̀ràn náà lọ síwájú Olúwa, ìdáhùn sì jáde pé òtítọ́ ni wọ́n ń sọ. Òfin tẹ̀lé e: bí ọkùnrin bá kú tí kò ní ọmọkùnrin, ọmọbìnrin rẹ̀ ni kó jogún, bí kò bá ní ọmọbìnrin, àwọn arákùnrin rẹ̀, lẹ́yìn wọn, àwọn arákùnrin bàbá rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn, ìbátan tó sún mọ́ ọn jù.

Adarí tó mọṣẹ́ yóò tún béèrè ohun tí kò sí níbẹ̀. Wọ́n sunkún? Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ kì í ṣaláìní ẹni tí yóò sọ pé wọ́n wólẹ̀, wọ́n ń sunkún. Ìyá wọn ńkọ́? Wọn kò dárúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ, ta ló ń gbé orí rẹ̀ báyìí? Ìbéèrè yìí máa ń mú kí gbogbo ilé pa rọ́rọ́, nítorí pé pẹ̀tẹ́lẹ̀ Móábù ni wọ́n ṣì wà, ní òdìkejì Jọ́dánì sí Jẹ́ríkò. Ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò tíì fẹsẹ̀ tẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè ìpín nínú rẹ̀.

Báwo ló ṣe rí lójú wọn?

Kí ló dé tí wọ́n fi sọ ọ́ nígbà yẹn, tí wọn kò dúró kí wọ́n débẹ̀? Orí 26 ló dáhùn. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ka àwọn ọkùnrin tó ti pé ogún ọdún tó lè jagun ni, wọ́n sì ti sọ pé iye orúkọ ni wọn yóò fi pín ilẹ̀. Ilé tí kò sí ọkùnrin nínú rẹ̀ kò ní ẹni tí wọ́n lè kà mọ́ iye náà. Bí àwọn obìnrin wọ̀nyí bá dákẹ́ títí wọ́n fi kọjá Jọ́dánì, ilẹ̀ á ti pín tán.

Ti Kora ńkọ́? Orí 16 ni kí wọ́n ṣí. Kora kó ènìyàn jọ lòdì sí Mósè, ìparun sì dé bá wọn. Àwọn ọmọ Selofehadi ń sọ fún Mósè pé bàbá àwọn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀ rí. Ẹjọ́ tí wọ́n rò pẹ̀lú ọgbọ́n nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni adarí yóò ní kí wọ́n ṣí orí 36, inú ilé yóò sì gbóná. Àwọn olórí ìdílé Gileadi wá fẹjọ́ sùn: bí àwọn ọmọbìnrin yìí bá fẹ́ ọkọ láti ẹ̀yà mìíràn, ilẹ̀ yóò bá wọn lọ, ọdún júbílì pàápàá kò ní dá a padà. Ìdáhùn tó jáde ni pé àwọn náà sọ òtítọ́. Kí àwọn ọmọbìnrin náà fẹ́ ẹni tó bá wù wọ́n, kìkì pé kó jẹ́ nínú ìdílé ẹ̀yà bàbá wọn. Wọ́n sì fẹ́ àwọn ọmọ arákùnrin bàbá wọn.

Mo ti gbọ́ tí obìnrin kan fi ìbínú ti Bíbélì rẹ̀ pa, tó ní, "Ẹ ò rí i? Wọ́n fi ọ̀tún fún wọn, wọ́n fi òsì gbà á." Obìnrin mìíràn, tó ti bá wọn jà lórí oko bàbá rẹ̀ rí, dáhùn pé, "Ẹ má bínú, mà. Ilẹ̀ ìdílé nìyẹn, kì í ṣe ilẹ̀ téèyàn rà. Bó bá jẹ́ ìdílé tèmi ni, èmi náà á sọ̀rọ̀." Ẹni tó ń darí kò ní dá ẹjọ́ yìí. Ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ fún ìhà méjèèjì pé wọ́n rí i sọ, ó sì yẹ kí ẹgbẹ́ náà gbé e bẹ́ẹ̀ láìwá ọ̀nà láti fi ọ̀kan pa èkejì mọ́lẹ̀.

Jóṣúà orí 17 ló kù. Mósè ti kú. Wọ́n ti ń pín ilẹ̀. Àwọn obìnrin náà tún dìde, wọ́n lọ bá Eleasari àti Jóṣúà, wọ́n ní Olúwa ti pàṣẹ fún Mósè pé kí wọ́n fún àwọn ní ìní. Ìgbà yẹn ni ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Àṣẹ ti wà tipẹ́, síbẹ̀ wọ́n ní láti padà wá rán àwọn tó ń pín in létí.

Kí ló kàn wá?

Ibí ni wọ́n ti lè mú ọ̀rọ̀ wálé, bí wọ́n bá ti ṣe iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́. Kíá ni ẹnì kan á sọ pé, "Bíbélì ti wí i pé ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ jogún." Ṣé bẹ́ẹ̀ ló wí? Ohun tó wà ní ẹsẹ kẹjọ ni pé bí kò bá sí ọmọkùnrin. Obìnrin tó ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kò lè fi ẹsẹ yìí bá a dé ilé ẹjọ́.

Ẹ wá wo àṣà Yorùbá. Ọ̀nà méjì là ń gbà pín ogún bàbá: ìdí igi, tí a ń fi iye àwọn ìyàwó tó bímọ pín in, àti orí-ò-jorí, tí a ń fi iye ọmọ pín in. Nínú méjèèjì, a ń ka ọmọbìnrin mọ́ ọmọ. Nígbà tí ẹjọ́ ogún ìdílé Dáwódù dé ilé ẹjọ́ Privy Council ní London lọ́dún 1962, ohun tí wọ́n dù ni èwo nínú méjèèjì ló yẹ kí wọ́n lò, ìdí igi sì ni ilé ẹjọ́ gbà. Ìyẹn ni pé àṣà àwọn baba wa fún ọmọbìnrin tó ní arákùnrin ní ohun tí Númérì orí 27 kò fún un. Ẹni tó bá sáré di Bíbélì mú láti fi gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ ti fi èyí tó lágbára sílẹ̀, ó mú èyí tí kò tó o. Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo sì mọ̀ pé n kì bá tí rí i bí kò bá sí ẹni tó ní ká tún ẹsẹ kẹjọ kà.

Kí ló wá kù fún wa nínú ìtàn náà? Àwọn obìnrin ló máa sọ ọ́. Ọ̀kan lè sọ nípa àwọn ẹ̀gbọ́n tó ní "ilé ọkọ rẹ ni ilé rẹ." Ọ̀kan lè sọ pé ohun tí òun mú ni bí àwọn márààrún ṣe fi ohùn kan sọ̀rọ̀, tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ ọ̀kan nínú wọn lọ́tọ̀. Opó tí ọmọbìnrin nìkan ló bí lè má sọ nǹkan kan, kó kàn ní kí wọ́n bá òun ka ẹsẹ kẹrin lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àgbà, ọmọdé àti ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò sinmi

Ohun tó ń ba ẹ̀kọ́ Bíbélì jẹ́ jù láàárín wa ni ọ̀wọ̀ tí a gbé sí ibi tí kò yẹ. Bí Ìyá Ìjọ bá kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Ta ni ìyàwó kékeré tí yóò ní òun kò rí i bẹ́ẹ̀? Nítorí náà, ẹni tó kéré jù ló yẹ kí adarí kọ́kọ́ bi. Kò tako àṣà wa, àgbà ni í kádìí ọ̀rọ̀ nílé wa. Kí adarí tilẹ̀ bá Ìyá sọ ọ́ ṣáájú ìpàdé pé, "Ẹ̀yin lẹ máa bá wa parí rẹ̀, mà," Ìyá yóò sì fi ìdùnnú dúró.

Ti ẹni tí kì í jẹ́ kí ẹlòmíì sọ̀rọ̀ le díẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí adarí dá a padà sínú ìwé: "Ẹsẹ wo ni ẹ ti rí i, mà?" Bó bá rí ẹsẹ, gbogbo wọn jèrè. Bí kò bá rí i, yóò wá a, ẹlòmíì yóò sì ráyè sọ̀rọ̀. Bí gbogbo wọn bá sì dákẹ́, kí adarí má sáré dá ara rẹ̀ lóhùn. Wọ́n ń ronú ni.

Àwọn àṣìrò tó kù

Wọ́n ní òfófó ni. Ọ̀rọ̀ ilé ń jáde níbẹ̀ lóòótọ́, nítorí ìbéèrè kẹta ń fà á yọ. Ẹgbẹ́ tó bá mọ ohun tó ń ṣe máa ń ní àdéhùn láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí wọ́n bá gbọ́ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jáde, kódà bí àdúrà: "Ẹ bá mi gbàdúrà fún lágbájá, ọkọ rẹ̀..." Òfófó ni ìyẹn, bó tilẹ̀ wọ aṣọ àdúrà.

Wọ́n ní ẹni tó bá kàwé gboyè nìkan ló lè darí rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹni tó lè bi ènìyàn ní ìbéèrè tó sì lè ní sùúrù gbọ́ ìdáhùn ni wọ́n ń wá.

Wọ́n ní ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá rí nínú ìtàn ló tọ̀nà. Èyí náà kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní àwọn ọmọ Selofehadi sunkún ti fi tirẹ̀ kún un, kí wọ́n fi ohùn tútù sọ fún un. Ohun tí Bíbélì kò sọ, bí orúkọ ìyá wọn, kí adarí wí pé Bíbélì kò sọ ọ́, kí wọ́n kọjá. Ìbéèrè tó bá ju agbára wọn lọ, kí ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀, kó mú un lọ bá pásítọ̀, kó sì mú èsì bọ̀.

Wákàtí kan àbọ̀ tó. Ìtàn yìí kò lè tán ní ìrọ̀lẹ́ kan, ẹgbẹ́ tó bá sì fẹ́ ṣe é dáadáa lè pín in sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta: Númérì orí 26 àti 27 lọ́sẹ̀ kìíní, orí 36 lọ́sẹ̀ kejì, Jóṣúà orí 17 àti ọ̀rọ̀ ogún lọ́sẹ̀ kẹta. Kí adarí má sọ ohun tó wà ní orí 36 fún wọn ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Kí wọ́n bá inú dídùn orí 27 lọ sílé.